Ibi tí wọ́n ti tún láptọ́ọ̀pù ṣe fún ọmọ mi ní Tanke

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń bẹ ní Unilorin àbí Kwara Poly tẹ́ ẹ ò rówó ra láptọ́ọ̀pù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí. Gàrí ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un fóònù ló fi ń tẹ̀ ẹ́, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ ojú ẹ̀ á ti pọ́n bí ẹni sunkún. Oníbàárà mi kan ló júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní Tanke, àwọn ọ̀dọ́ kan ni, wọ́n ń gba kọ̀ǹpútà táwọn ọ́fíìsì ò lò mọ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á fún ẹni tí ò rí jájẹ, owó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá rà sí i nìkan lèèyàn máa san.

Ọkàn mi ò kọ́kọ́ balẹ̀, torí lọ́dún tó kọjá mo fowó èsúsú ra tòkunbọ̀ kan fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, "bíi tuntun ni" lẹni tó tà á wí, kò pé oṣù méjì tí láptọ́ọ̀pù náà fi kú, ẹni tó tà á ò sì gbé ìpè mi mọ́.

Àwọn tibí yàtọ̀. Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn ní "Mọ́mì, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀." Ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fẹ́ fún wa, háà, eruku tó dì sára fáànù nípọn bí òwú, ó ní òun ni ò jẹ́ kó rí atẹ́gùn, tó fi ń gbóná tó ń kú fúnra ẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó fi nǹkan funfun kan pa orí ṣíìpù bí ẹni fi òrí pa ara ọmọ jòjòló. Ó yọ dísìkì àtijọ́ tó ń yí, ó fi SSD sí i, ìyẹn dísìkì tí kì í yí, tó yára ju ti àtijọ́ lọ. Báyìí, kí n tó ka Fátíhà tán ó ti ṣí. Bátìrì róbótó kan tún wà nínú ẹ̀ bíi kọ́ìnì, òun ló ń pa aago mọ́, tó bá ti kú ọjọ́ á padà sẹ́yìn, íntánẹ́ẹ̀tì á sì máa kọ̀, wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà.

Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 ò sì gba ẹ̀rọ tó ti dàgbà tó yìí, torí náà Linux Mint, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, ni wọ́n gbé sí i, ọ̀fẹ́ ni. LibreOffice, tó dà bíi Word, lọmọ mi fi ń tẹ iṣẹ́ ẹ̀, á sọ ọ́ di PDF kó tó fi ránṣẹ́ sí léktúrà.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kí n tó sanwó ni wọ́n ti kọ àbùkù ẹ̀ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀: bátìrì ò lè ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, bọ́tìnnì F5 ò ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀ ní àpá kan. Bẹ́ẹ̀ náà la bá a.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró kó tó kàn wá, ìyẹn pẹ́ o, torí ẹ̀rọ tí wọ́n ń rí gbà ò tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èyí tó kàn ń gba eruku nílé, ẹ gbé e lọ bá wọn, ojú yín ni wọ́n á ti pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì ẹ̀ rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ gbà, ẹ mú lẹ́tà àdímíṣọ̀n ọmọ dání, ẹ má sì lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, wọ́n máa ń tì í lọ kírun.