Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà lórí èémí: àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ọpọlọ fún àwa tí à ń ja ẹ̀ṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀. ₦25,000 ni mo san fún ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ àwọn oníjà bí wọ́n ṣe ń kápá ọkàn wọn, owó aṣọ tí mo rán fún àwọn ará ìjọ wa ló sì bá a lọ. Nítorí náà, ibi tó bá dùn mọ́ mi, màá sọ. Ibi tó bá dùn mí, n ò ní fi ẹnu tútù sọ ọ́.

Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tàkìé. Tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màá da aṣọ bo máṣìnnì, màá gbé báàgì mi, ó di jíìmù. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ja ẹ̀ṣẹ́. Kóòṣì wa kì í yin ènìyàn, síbẹ̀ ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa rí pé ọwọ́ mi yá ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ lọ. Ọwọ́ kọ́ ni ìṣòro mi. Ara gbígbóná ni. Tí agogo bá ti dún báyìí, mo di iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kí n fi ja ráùn mẹ́ta, màá ti jù ú tán ní ráùn kìíní. Nígbà tó bá fi máa di ráùn kejì, ẹnu mi ti là sílẹ̀ bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lódò, apá mi ti wúwo bí ẹni tó pọn omi láti àárọ̀. Bí rẹfirí ṣe dá ìjà dúró lórí mi lọ́dún tó kọjá nìyẹn, ọmọ tó sì nà mí ò lágbára tó mi. Ó dùn mí ju ẹ̀ṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ẹnìkan wá fi ìpolówó ẹ̀kọ́ yìí sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, mo forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Wọ́n á máa fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù ènìyàn lójoojúmọ́, ìpàdé ojúkojú á wà nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì fún wa ní ìwé kékeré tí a ó máa kọ nǹkan sí. Àwa mẹ́rìnlá la bẹ̀rẹ̀: àwa abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò mẹ́fà, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tí wọ́n ń ṣe taekwondo, àti bàbá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjàkadì. N ò ní dárúkọ àwọn tó ni ẹ̀kọ́ náà. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn ṣì ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi.

Màmá mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní ìlú tó jẹ́ pé orí jagunjagun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí Ògúnlọlá tó dá ìlú wa sílẹ̀ gbé la fi ń jẹ́ orúkọ, ìwọ ń lọ sanwó kí wọ́n lè kọ́ ẹ ní àyà níní. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èémí nìkan ni. Mo ti ń kùn sínú pé ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń mí? Olùkọ́ ní kí á fi imú fa èémí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, kí á fi ẹnu tú u síta fún mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògì gbígbóná. Ó ṣàlàyé pé tí a bá ń fa èémí sínú, ọkàn máa ń yára díẹ̀. Tí a bá ń tú u síta, á rọra. Títú tó bá wá gùn ju fífà lọ, òun ló ń fa ọkàn wálẹ̀. Ẹ lè fi ìka lé ọrùn ọwọ́ yín báyìí kí ẹ wò ó. Mo wò ó, òótọ́ ni.

Ibi tó ti wá dà bí idán lójú mi ni ìgbà tó ní kí á ṣírò rẹ̀. Láàárín ráùn méjì, ìṣẹ́jú kan péré la ní. Kí o tó jókòó, kí wọ́n tó yọ ike ẹnu rẹ, kí wọ́n tó fún ẹ lómi, kí wọ́n sì tún dá ike náà padà, ohun tó kù kò lè ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Èémí mẹ́rin ni! Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi mẹ́rin yẹn mi orí sí ọ̀rọ̀ kóòṣì, tí mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí n ò gbọ́ ohun tó ń sọ, tí n ò sì sinmi. Mo padà dé jíìmù, mo sọ fún un pé èémí méjì àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Inú bí i. Ó ní ṣé èmi ni mo ń kọ́ òun níṣẹ́ ni? A jọ fà á fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti fífún ẹran ara pọ̀ kí á tó tú u sílẹ̀, ohun tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ti gbé jáde láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Wàá di ọwọ́ pọ̀ bí ẹni tó di owó mú nínú èrò ọjà, wàá tú u. Ó kan èjìká, ó kan ojú, ó kan itan. Ìdí máṣìnnì ni mo ti rí ìwúlò rẹ̀, kì í ṣe jíìmù. Mo ń rán léèsì oníbàárà kan, etí aṣọ náà ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá rí i pé èjìká mi méjèèjì ti gòkè dé abẹ́ etí. Mo sọ wọ́n kalẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń gbé wọn sókè tí mo bá ń jà? Ẹni tó bá gbé èjìká sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ti ń san owó agbára tí kò jẹ.

Sátidé yẹn náà ni wọ́n fi ìjà Anthony Joshua àti Andy Ruiz hàn wá. Èyí tó wáyé lóṣù kẹfà 2019 ní New York, tí Ruiz gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin tí wọ́n sì dá ìjà dúró ní ráùn keje, gbogbo wa la ti wò ó rí. Èyí tí wọ́n ní kí á fara balẹ̀ wò ni ti oṣù kejìlá ọdún kan náà ní Saudi Arabia. Ráùn méjìlá, Joshua ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì, ó kúrò níbẹ̀. Ó tún jù ú, ó tún kúrò. Àwọn kan ní ìjà náà ò dùn ún wò. Èmi tí ara gbígbóná ti bà jẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ti fífi ojú inú wo ìjà, ó kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn: kí n dùbúlẹ̀, kí n pa ojú dé, kí n rí ara mi tí wọ́n ń gbé ọwọ́ mi sókè. Ohun tí mo rí kò ju orun lọ. Alẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni mo sùn. Ìgbà tí a wá pàdé lọ́jọ́ Sátidé ni olùkọ́ tún un ṣe. Ó ní kí á dìde, kí á di bandéèjì, kí á wọ ibọ̀wọ́, kí á dúró bí a ṣe máa ń dúró, kí ìjà náà sì lọ bó ṣe ń yára lọ gan-an. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo gbóòórùn òógùn àtijọ́ inú ibọ̀wọ́ yẹn pọ̀ mọ́ Aboniki, àyà mi já. Ríìngì dé! Ó wá ní kí á má rí ìṣẹ́gun nìkan, kí á rí ìgbà tí wọ́n bá gbá wa nímú tí omi dà lójú, kí á sì rí ohun tí a ó ṣe tẹ̀ lé e. Èyí ló wúlò. Ẹni tó ti rí ìyà lọ́kàn nígbà ogún, ìkọkànlélógún ò ní bá a lójijì.

Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ ló gbẹ̀yìn, òun ló sì ya mí lẹ́nu jù. Wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ kọ tirẹ̀ sójú pátákó: Focus, Relax, Beast. Mo mú Relax. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń ka àkọlé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Bàbá oníjàkadì yẹn ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ọmọ mi, kí ni ìyá rẹ àgbà máa ń pè ọ́ tí o bá ń sunkún?" Mo ní, "Àníkẹ́ ni, bàbá." Ó ní, "Kí lo wá ń wá kiri?"

Àwọn ọkùnrin jíìmù wa rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń fi oríkì tí wọ́n ń pe ọmọ tí wọ́n ń kẹ́ wọ ríìngì? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá da ara mi sílẹ̀ tí mo ń ké, màmá àgbà á máa fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́: "Àníkẹ́, ó tó. Ó tó." Èémí mi á sì wálẹ̀. Ara mi ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó mọ̀wé. Báyìí, tí mo bá ń tú èémí síta ni mo ń sọ ọ́, ó sì ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà.

Ó wá ku ohun tó bí mi nínú. Sátidé kẹrin, wọ́n pe àlejò kan wá tó fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn olówó ṣe ń ronú, tó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ₦10,000. A ò kan ẹ̀ṣẹ́, a ò mí, wọn ò sì fi ọjọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kéré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n gbá mi lórí níbi tí a ti ń fi ara wa dánra wò. Ọjọ́ méjì, orí ń fọ́ mi, ìmọ́lẹ̀ fóònù ń ta mí lójú. Mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ni pé ọkàn mi ló ń tàn mí, pé kí n mí kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kóòṣì mi ló gba ibọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi tó ní ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ní ọpọlọ mi ló mì, pé n ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀ṣẹ́ sórí títí gbogbo rẹ̀ á fi lọ, kí n tó padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kejì lórí èyí tí kò tíì san lè sọ ènìyàn di aláìlera títí ayé. Kò sí èémí tó ń wo èyí. Mo kọ èsì dókítà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì tí dókítà ti ní mo lè padà, a lọ fún ìdíje kékeré kan ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ wa gba iwájú pápá ìṣeré Obafemi Awolowo, tí bàbá mi ṣì ń pè ní Liberty. Ibẹ̀ ni Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Nàìjíríà, ti pàdé Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ 1963, tí Fullmer ò sì lè jáde fún ráùn kẹjọ. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni nígbà náà.

Agogo dún. Iyọ̀ fẹ́ bọ́ sínú iná. Àníkẹ́, ó tó. Mo ju òsì, mo kúrò. Nígbà tí mo jókòó lẹ́yìn ráùn kìíní, kóòṣì tó ń bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ló kúnlẹ̀ síwájú mi tó ń kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ọ̀kan... èjì..." Ẹ̀yìn èjì ló tó la ẹnu sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ráùn kẹta, ẹnu mi wà ní pípadé. Adájọ́ mẹ́ta mú ọmọ kejì, méjì mú mi. Mo pàdánù, mo sì jẹ ẹ̀bà méjì lọ́nà Ọ̀yọ́ nígbà tí à ń bọ̀ wálé.

Ṣé ó tó ₦25,000? Lójú tèmi, èémí àti ìṣirò ìṣẹ́jú kan yẹn nìkan tó o, pàápàá fún ẹni tí ara rẹ̀ gbóná bíi tèmi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, kó lọ fo okùn ná. Mo ti pa gbogbo ohùn wọn rẹ́ lórí fóònù mi, àfi méjì. Wọ́n ti ń gba orúkọ fún òmíràn báyìí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá àlejò Sátidé kẹrin ṣì ń bọ̀, ẹ sì bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹni tí orí bá ń fọ́.