Páìpù Irin Nìkan, àbí Páìpù Irin Pẹ̀lú Wáyà Ẹ́ẹ̀tì? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Fa Iná sí Ṣọ́ọ̀bù tàbí Ilé Iṣẹ́

Oníná méjì wo ilé iṣẹ́ kan náà, ìwé owó tí wọ́n mú wá kò bára mu. Ti àkọ́kọ́: páìpù irin 20 mm, àpótí irin, kọ́pílà (irin tó ń so páìpù méjì pọ̀), búùṣì idẹ (òrùka tó ń di páìpù mọ́ àpótí), wáyà pupa, wáyà dúdú, ó parí. Ti èkejì ní gbogbo ìyẹn, ó tún wá fi kọ́ọ̀lì wáyà ẹ́ẹ̀tì 2.5 mm² kún un. Ẹni tó fẹ́ sanwó á ti máa rò pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Páìpù irin líle, tí wọ́n fi tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tí wọ́n gé yí ẹnu páìpù ká) so láti bọ́ọ̀dù dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, lè ṣe iṣẹ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná tó bá ṣìnà máa gbà padà kí bírékà lè já, ìwé òfin sì fọwọ́ sí i. Ohun tí olówó ń rà ló yàtọ̀. Ẹni tó mú páìpù nìkan ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó so ó. Ẹni tó fi wáyà kún un ń ra ọ̀nà kejì, fún ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn bá jáni kulẹ̀.

Páìpù rọ́bà kò sí nínú àríyànjiyàn yìí, torí rọ́bà kì í gbé iná: wáyà ẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ká má tiẹ̀ jọ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo irin là ń sọ: ilé ìtẹ̀wé, ilé píọ̀ wọ́tà, sọ́mìlì, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, yàrá jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí ìwé òfin béèrè

BS 7671, ìwé òfin wáyà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ oníná ní Nàìjíríà ń tẹ̀lé, gba páìpù irin líle gẹ́gẹ́ bí ẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó fi ohun méjì dè é. Ojú ẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní wáyà kúkúrú tirẹ̀ tó lọ bá ojú ẹ́ẹ̀tì inú àpótí. Ìdè méjì tó di sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ àpótí kò tó. Ìkejì, páìpù rírọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi wọ mọ́tò ẹ̀rọ, kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹ́ẹ̀tì rárá. Oníná tó bá ní páìpù nìkan tó, tí kò sì kọ wáyà kúkúrú yìí sínú ìwé owó rẹ̀, òfin tó ń tọ́ka sí gan-an ló ń rú.

Ní Amẹ́ríkà, NEC, ìwé òfin wáyà tiwọn, ní ìlà 250.118, ka páìpù irin líle, títí kan EMT fẹ́lẹ́ tí kò ní tírẹ́ẹ̀dì, mọ́ ohun tó lè ṣe ẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti gbé ní Chicago, níbi tí wọ́n ti ń lo páìpù irin títí dé inú ilé gbígbé, fi máa ń sọ fún oníná nílé pé wáyà ẹ́ẹ̀tì kò pọn dandan. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ NEC kan náà kò gba kí páìpù irin rírọ̀ lásán ṣe ẹ́ẹ̀tì kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tàbí lẹ́yìn bírékà tó ju 20 A lọ. Ó tún ní kí wọ́n fa wáyà ẹ́ẹ̀tì sínú páìpù tí kò ní tírẹ́ẹ̀dì tó lọ bá ẹ̀rọ amúlétutù lórí òrùlé, torí ojú ìsopọ̀ ibẹ̀ máa ń yọ. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù, 517.13 fẹ́ páìpù irin àti wáyà bàbà pa pọ̀. Ẹ kíyè sí i: níbi tí àṣìṣe ti lè gba ẹ̀mí, àwọn tó kọ òfin náà kò gbára lé páìpù nìkan.

Lórí ìwé, páìpù ló borí

Bí a bá gé páìpù 20 mm tí ara rẹ̀ nípọn tó 1.6 mm, ojú irin ibẹ̀ tó nǹkan bí 92 mm². Irin ń gbé iná ní ìwọ̀n bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti bàbà, nítorí náà páìpù yẹn súnmọ́ wáyà bàbà 11 mm². Iná AC kì í rọrùn fún irin tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó fi wáyà 2.5 mm² sílẹ̀ dáadáa.

Ká ní sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà sí bọ́ọ̀dù ní 30 m. Wáyà iná 2.5 mm² á gba 0.22 Ω (Ω ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), wáyà ẹ́ẹ̀tì tó bá a dọ́gba á gba 0.22 Ω mìíràn. Páìpù tó dára kò ní gba tó 0.15 Ω fún ọ̀nà kan náà. Bírékà C20, irú C ti 20 A, fẹ́ kí gbogbo ọ̀nà náà, láti tiransifọ́má lọ àti bọ̀, má ju nǹkan bí 1.09 Ω lọ kó tó lè já lójú ẹsẹ̀. Méjèèjì yege.

Ojú ìsopọ̀ ni ẹjọ́ wà

Páìpù tí wọ́n ṣe ní ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gùn ní 3.75 m. Ọ̀nà 30 m gba mẹ́jọ, kọ́pílà méje ló wà láàárín wọn, kọ́pílà kọ̀ọ̀kan sì ní ojú méjì. Ẹ fi ẹnu bọ́ọ̀dù àti àpótí mẹ́rin kún un: ojú ìsopọ̀ ti lé ní ogún. Gbogbo wọn ló tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan. Ọ̀kan péré ló máa bàjẹ́, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń bàjẹ́ kò ju mélòó kan lọ, wọ́n sì wọ́pọ̀.

Ọ̀dà ni àkọ́kọ́. Àpótí tí wọ́n kùn láti ilé iṣẹ́ wá máa ń ní ọ̀dà yí ihò rẹ̀ ká. Bí oníná bá ki páìpù bọ̀ ọ́, tó wá fún búùṣì mọ́ orí ọ̀dà yẹn, ọwọ́ á rò pé ó ti dì, ṣùgbọ́n irin kò kan irin. Ohun tó yẹ ni kó fi ọ̀bẹ tàbí fáìlì ha ọ̀dà náà yí ihò ká títí irin á fi máa dán, ní inú àti ní ìta, kó tó fún un.

Tírẹ́ẹ̀dì tó kúrú ni èkejì. Páìpù méjèèjì ló yẹ kó pàdé ní àárín kọ́pílà. Ẹni tí dáì rẹ̀ (irin tí wọ́n fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì) ti kú á gé tírẹ́ẹ̀dì méjì mẹ́ta, á fi ọwọ́ yí i, á ní ó ti dé. Ojú tó ń gbé iná níbẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta èyí tó yẹ.

Ìpáàrà wá tẹ̀lé e. Sínkì tó wà lára páìpù máa ń kúrò níbi tí wọ́n bá ti gé tírẹ́ẹ̀dì. Nínú ilé píọ̀ wọ́tà, tàbí létí ọ̀sà ní Èkó, tírẹ́ẹ̀dì tí wọn kò fi ọ̀dà sínkì bò lẹ́yìn tí wọ́n fún un tán á dógùn-ún láti ẹ̀yìn wọ inú. Ìgbọ̀n-rìrì ẹ̀rọ náà ń tú u: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bírígéélà pẹ̀lú máa ń gun páìpù tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ó yọ kúrò lẹ́nu àpótí, kọnkéré bò ó, ó di ọ̀rọ̀ àìrí.

Èyí tó léwu jù kò tiẹ̀ kan ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹlòmíràn wá ṣe àtúnṣe, ó gé irin ní àárín, ó rí i pé irin kò sí nítòsí, ó fi páìpù rọ́bà dí i. Ẹ́ẹ̀tì parí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé páìpù yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì.

Ẹ wo ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní ilé iṣẹ́ tó ní tiransifọ́má tirẹ̀. Ká ní ojú ìsopọ̀ kan ti dógùn-ún tó fi ń gba 5 Ω, wáyà iná sì wá bó kan ara ẹ̀rọ kan lẹ́yìn rẹ̀. 230 V á ti nǹkan bí 46 A kọjá. Bírékà C20 ń dúró de 200 A kó tó lè já lójú ẹsẹ̀, 46 A á kàn máa mú un gbóná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀rọ náà, àpótí, àti gbogbo páìpù tó wà lẹ́yìn ojú ìsopọ̀ yẹn ń gbé iye tó súnmọ́ 220 V, iná sì ń ta pàràpàrà lórí tírẹ́ẹ̀dì. Bí ojú ìsopọ̀ náà bá já pátápátá ńkọ́? Bírékà kò ní já rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan páìpù ni iná máa gbé.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, gílóòbù ń tàn, ẹ̀rọ ń yí, fáànù ń fẹ́. Mọ́tìmítà lásán pàápàá lè tan èèyàn, torí iná tó ń tì jáde kéré gan-an, ìwọ̀nba irin tó kan ara wọn nínú ìpáàrà sì tó fún un láti kọ òǹkà tó dára. Mítà tó ń ti ó kéré tán 200 mA ló yẹ, kí ẹni tó ń lò ó sì wo ojú ìsopọ̀ níbi tí ojú bá dé.

Wáyà náà ní ọ̀fìn tirẹ̀

Fífa wáyà ẹ́ẹ̀tì kò túmọ̀ sí pé kí a pa páìpù tì. Irin ni, wáyà iná wà nínú rẹ̀, bí etí rẹ̀ tí wọn kò fáìlì bá bó wáyà náà, páìpù á gbé iná. Nítorí náà, ní àpótí kọ̀ọ̀kan, wáyà ẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tún kan ojú ẹ́ẹ̀tì àpótí. Ẹni tó bá so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ti ná owó wáyà lásán fún ìdajì iṣẹ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn: títí dé 16 mm², kí ẹ́ẹ̀tì bá wáyà iná dọ́gba. 2.5 pẹ̀lú 2.5, 4 pẹ̀lú 4. Kí pupa, dúdú àti ẹ́ẹ̀tì gba inú páìpù irin kan náà. Wáyà iná tó bá dá gba inú irin láìsí èkejì rẹ̀ á máa mú páìpù gbóná. Lọ́jà, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà: èyí tó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ bàbà, alumíníọ̀mù ni, ẹ dá a padà.

Ó tún ní ìṣòro kan tó dá lórí ìdánwò. Bí wáyà àti páìpù bá ti so pọ̀, òǹkà tí mítà bá kọ jẹ́ ti àwọn méjèèjì, páìpù tó dára sì lè bo wáyà tó já mọ́lẹ̀. Kí wọ́n wọn wáyà ní òun nìkan kí wọ́n tó so ó mọ́ irin.

Àwọn tó kù

Owó: ṣọ́ọ̀bù tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, tí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ kò ju 60 m lọ, kò ní lo kọ́ọ̀lì 100 m kan tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páìpù irin, kò tó nǹkan.

Ààyè: wáyà kan á pọ̀ sí i nínú páìpù. Bí 20 mm bá ti ń há, ẹ mú 25 mm.

Kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń jo iná díẹ̀díẹ̀ sí ẹ́ẹ̀tì. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ tó pé jíjò náà ju 10 mA lọ, BS 7671 fẹ́ ẹ́ẹ̀tì tó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Páìpù irin àti wáyà 2.5 mm² tí wọ́n so pa pọ̀ wà lára ohun tó gbà.

Mọ́tò ẹ̀rọ: páìpù rírọ̀ tó wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyíkéyìí tí ẹ bá mú.

Ọ̀pá tó wà nínú ilẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù tó ń gba iná láti orí òpó, tí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nìkan ló ní, kò lè fi bírékà lásán gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀pá àti ilẹ̀ bá gba 20 Ω, 11.5 A péré ló máa kọjá; C20 kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. RCCB 30 mA, bírékà tó ń já nígbà tí iná bá ń jò, ló máa já níbẹ̀. (Iyọ̀ àti èédú tí wọ́n ń dà sí kòtò ọ̀pá máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, òjò á sì ṣan iyọ̀ náà lọ lẹ́yìn tó bá ti jẹ ọ̀pá.) Àmọ́ RCCB pàápàá nílò ọ̀nà tí iná á gbà jò. Bí páìpù bá ti já, ara ẹni tó fọwọ́ kàn án ló máa di ọ̀nà yẹn kí RCCB tó já.

Èwo ni kí ẹ mú?

Páìpù nìkan tó bí ibẹ̀ bá gbẹ, bí páìpù bá wà lójú ògiri tí gbogbo èèyàn ń rí, bó bá jẹ́ irin onísínkì pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì, bí oníná bá ní báìsì, dáì tó mú àti mítà tó yẹ, bí ẹnì kan á sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ní gbogbo èyí, kó mú un láìbẹ̀rù; wọn kò wọ́pọ̀. Fún páìpù tó máa wọ inú ògiri tàbí kọnkéré, ibi omi, ibi ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ayálégbé á máa pààrọ̀, ẹ fa wáyà sí i.

Èyí tó wù kí ó jẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oníná á kọ òǹkà sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó gba owó tó kù, ti páìpù lọ́tọ̀, ti wáyà lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń wọn páìpù ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n tú wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò lára irin, kí ẹnì kan máa mi páìpù bí ẹnì kejì ṣe ń wo mítà. Bí òǹkà bá ń lọ sókè sódò, ojú ìsopọ̀ kan ṣì wà lójú ọ̀nà tí kò dì.