Ẹ ṣọ́ra o, ásíìdì ni wọ́n ń tà fún yín pé ó ń ṣí ìpáàrà bálùwẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo omi bóòhóòlù n'Íkòròdú, Ajah àti gbogbo ibi tómi ti máa ń pọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀. Àwọn kan ń kiri ojúlé sí ojúlé báyìí, wọ́n tún ń polówó lórí WhatsApp, wọ́n bu omi kan sínú ike kóòkì àti kẹ́ẹ̀gì, kò sórúkọ lára ẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, wọn ò kọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀ síbì kankan, wọ́n á ní London ló ti wá, pé tẹ́ ẹ bá ti fi fọ bálùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ìpáàrà ò ní padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Irọ́ gbuu ni.

Iṣẹ́ ilé fífọ̀ ni mò ń ṣe, ilé tuntun àtèyí táyálégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ńbẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń pè tó bá ti bàjẹ́ tán, torí ẹ̀ ni mo fi mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Tẹ́ni yẹn bá dé ilé yín, inú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ dà á sí. Ẹ máa wò ó dáadáa, kò ní dà á sórí táàpù láé, kò sì ní dà á sílẹ̀. Àwo yẹn le, iná ni wọ́n fi sun ún, ásíìdì ò lè tètè rí i gbé ṣe, ìpáàrà orí ẹ̀ nìkan ló máa jẹ kúrò, gbogbo ẹ̀ á wá funfun báláú lójú yín níbẹ̀, inú ìyá ilé á dùn, wọ́n á sanwó kẹ́ẹ̀gì odidi. Ìgbà tí wọ́n bá wá fi fọ ìyókù lọ̀rọ̀ ń dọ̀rọ̀, ẹni tó tà á ti bùlọ́ọ̀kù wọn nígbà yẹn.

Kúróòmù tó ń dán lára táàpù yẹn, fẹ́lẹ́ báyìí ni wọ́n fi bo idẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ní ilé kan tí mo dé, ara táàpù ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, idẹ ti yọ síta, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rá a ṣe ló ń bọ́ wẹ́wẹ́ sí yín lọ́wọ́. White cement àárín táìsì ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì lásán ni mo fi kàn án, ó ń dà sílẹ̀, omi ti wá ń gba ibẹ̀ wọ abẹ́ táìsì lọ. Lánlọ́ọ̀dù sì ti ní inú owó kọ́ṣọ̀n lòun máa yọ gbogbo ẹ̀ sí. Wọ́n á máa sọ fún yín pé ẹ wo bó ṣe ń hó, ìdọ̀tí ló ń jáde. Ìdọ̀tí kọ́ o, símẹ́ǹtì ló ń jẹ. Ẹni tó bá wá lọ dà á sórí mábù, háà, ó tán.

Ti pé kò ní padà mọ́ yẹn, ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀? Inú omi ni ayọ́nù, ìyẹn irin tó ń di ìpáàrà, wà, tómi bá ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ó lè mọ́ kedere, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i ló ń pọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tó bá ti ju 0.3 míligíráàmù nínú lítà kan lọ ó máa kun aṣọ àti nǹkan bálùwẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ tún omi fúnra ẹ̀ ṣe, kó gba atẹ́gùn, kó sì gba inú fítà kọjá kó tó wọ táǹkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa fọ̀ ọ́ ni.

Hypo àti Jik ò ṣí ìpáàrà o, ṣe ló tún ń jẹ́ kó dì mọ́bẹ̀. Ẹ sì má pa á pọ̀ mọ́ omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹn láé, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè pààyàn nínú bálùwẹ̀ tó há.

Èyí témi ń lò ni citric acid oníyẹ̀fun, ásíìdì lòun náà àmọ́ kò le bíi tinú kẹ́ẹ̀gì yẹn, àwọn tó ń ṣe zobo tà mọ̀ ọ́n, ẹ máa rí i ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ̀ta. Ẹ po ṣíbí méjì sínú ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rẹ tíṣù sí i, kẹ́ ẹ fi wé ìdí táàpù fún bí ìdajì wákàtí, ẹ má fi sílẹ̀ di àárọ̀, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ họ ọ́, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa. Ó máa ń ṣí funfun gbígbẹ tó ń dì mọ́ ẹnu ṣáwà náà, fínígà sì ń ṣe ìyẹn. Tó bá ti pẹ́ gan-an níbẹ̀ ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi kan mábù o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀ pé májèlé ni, kẹ́ ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò lè tó, inú ike kóòkì ló wà, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ò ní bèèrè. Tó bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan án. Tẹ́nì kan bá gbé e mì, ẹ má fún un lépo pupa mu, ẹ má fipá mú un bì í, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, kẹ́ ẹ sì mú ike yẹn dání kí dókítà rí i.