Gọ́tà dí: ẹgbẹ́ onílé ni àbí káńsù?

Ní Iléṣà, bí omi gọ́tà bá ya wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ onílé ló máa ń tètè dáhùn. Wọ́n á dáwó, àwọn ọ̀dọ́ á gbé ṣọ́bìrì, kó tó dìrọ̀lẹ́ omi ti ń ṣàn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ata wẹ́wẹ́ náà á dáwó. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ti káńsù máa ń falẹ̀. Síbẹ̀, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé gọ́tà, ọjà àti kíkó pàǹtí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dájọ́ ní 2024 pé kówó wọn máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ẹ kó gọ́tà lónìí, àmọ́ ẹ kọ̀wé sí káńsù, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀.