NLPS: ìwádìí orí fóònù tó tẹ̀ lé àwọn ìdílé Nàìjíríà lọ́dún Kòrónà

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí òun ti lè rí ẹ̀rí tó ṣe é gbára lé nípa bí nǹkan ṣe rí nínú ilé àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọdún tí àrùn Kòrónà wọlé, àkójọ ìdáhùn NLPS (National Longitudinal Phone Survey) ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ló ṣe ìwádìí náà lórí fóònù pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Báńkì Àgbáyé, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Mo ti lò ó débi pé mo lè sọ bó ṣe rí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ó dára gan-an lórí ọ̀rọ̀ ikùn, iṣẹ́ àti àpò, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ tó lórí ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló fún un níyì. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti ní Àbújá ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, kò sí olùbéèrè kankan tó tún lè máa kanlẹ̀kùn kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ohun tó yọ NBS ni pé àwọn ìdílé kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwádìí tó ṣe láàárín ọdún 2018 sí 2019, èyí tó kan ìdílé 4,976, tó sì jẹ́ pé ojúkojú ni wọ́n bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n yan ìdílé 3,000 lára àwọn tó ní nọ́ńbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ sì fi máa parí, ìdílé 1,950 ló ti dáhùn gbogbo ìbéèrè náà délẹ̀. Àwọn ìdílé kan náà yìí ni wọ́n ń pè padà lóṣooṣù títí wọ́n fi ṣe ìpele kejìlá ní ọdún 2021.

Kí a má fojú kéré ọ̀rọ̀ yíyàn yẹn. Lásìkò náà, oríṣiríṣi ìwádìí ni wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, tí ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ ẹ́, tí ẹni tí kò ní dátà lórí fóònù rẹ̀ kò sì rí i rárá. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè sọ fún wa ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ báńkì ń rò, kò lè sọ ohun tí àgbẹ̀ tó wà ní abúlé Òkè-Ògùn ń jẹ lálẹ́. NLPS kò dúró de ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Òun ló lọ bá àwọn tó ti yàn.

Èsì ìpele àkọ́kọ́ ṣì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ó mú wa rí ìgbà tí gbogbo nǹkan dúró. Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn náà tó dé, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpè náà. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdílé ló ní owó tó ń wọlé fún àwọn ti dín kù láti àárín oṣù kẹta, ìdá 85 ní oúnjẹ tí àwọn ń rà jù ti wọ́n sí i, ìdá 51 sì ti dín oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kù. Ẹ fi èyí wé ìròyìn àrùn náà gan-an: nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ ń parí lọ ní oṣù karùn-ún, àwọn tí NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn, ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní in lára kò tíì tó 5,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì ìdí tí àwọn kan fi ń sọ pé ebi ni yóò pa àwọn kí Kòrónà tó dé ọ̀dọ̀ wọn lè rí i níbí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti orí kunkun lásán.

Àǹfààní tí a ń jẹ nínú pípe àwọn ìdílé kan náà padà kò hàn títí ènìyàn yóò fi so ìpele kan mọ́ èkejì. Láàárín oṣù díẹ̀ tí òfin kónílé-ó-gbélé ti rọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ti pọ̀ padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró síbẹ̀, yóò rò pé àlàáfíà ti dé. Ṣùgbọ́n tó bá wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ti kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ lọ sí oko tàbí sí òwò pẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́, tí owó tó ń wọlé kò sì ṣe é fọkàn tẹ̀. Ìwádìí tó bá ń pe ẹlòmíràn lóṣù kọ̀ọ̀kan kò lè fi ìṣípòpadà yìí hàn dáadáa. Èyí ló sì mú kí n má ka àbùkù àwọn ìdílé tó já kúrò lójú ọ̀nà, tí wọn kò dáhùn ìpè mọ́, sí jù, nítorí àwọn tó kù pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́ fún wa.

Àbùkù tó wúwo lójú mi wà ní ibòmíràn. Ẹnì kan ló ń gbé fóònù nínú ilé, òun ló sì ń dáhùn fún gbogbo ilé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dáhùn jẹ́ olórí ìdílé tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀. Tí ìbéèrè bá dá lórí bóyá ìrẹsì wà nílé, kò sí ìṣòro. Tó bá dá lórí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe tàbí ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìdáhùn baálé kì í ṣe ìdáhùn ọmọ ogún ọdún tó ń sùn sí pálọ̀, kì í sì í ṣe ti ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ìwádìí orí fóònù wò ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè mélòó kan mìíràn ní Áfíríkà ti tẹnu mọ́ ọn pé àwọn tó dáhùn dàgbà ju àwọn àgbàlagbà yòókù nínú ìlú lọ, àti pé ṣíṣe òṣùwọ̀n sí ìdáhùn wọn, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń tún un ṣe kí ó lè jọ ti gbogbo ìlú, kò wo ọgbẹ́ náà san tán. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ìwé àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ọ́ gbàgàdà pé “àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà” gbà báyìí tàbí báyẹn, tó sì jẹ́ pé inú NLPS ló ti fà á yọ. Kì í ṣe NBS ló jẹ̀bi ìyẹn.

Lórí ìṣesí àwọn ènìyàn sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀rọ̀ náà tún gba ìṣọ́ra. Kí abẹ́rẹ́ tó dé rárá ni wọ́n ti béèrè bóyá ẹni náà yóò gbà á tó bá jẹ́ pé ó ti gba àṣẹ, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó irú ìdáhùn yìí jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, èyí tó kéré jù ni ti Mali, ìdá 64.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ga jù sì ni ti Ethiopia, ìdá 97.9, Nàìjíríà wà láàárín, ó sì sún mọ́ òkè. Ó wúni lórí, ṣùgbọ́n ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ AstraZeneca ní Nàìjíríà, bí ó sì ṣe lọ lẹ́yìn ìgbà náà kò jọ ti ẹni tó ń sáré wá gbà á. Ohun tí ẹnì kan sọ fún aṣojú ìjọba lórí fóònù nípa nǹkan tí kò tíì sí, ìlérí ni. Mi ò ní kí a jù ú nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má pè é ní ìwà.

Àwọn ará wa ní ìlú ọba náà rí ìdàkejì rẹ̀. Ìwádìí Understanding Society tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 fi hàn pé ó lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiyèméjì nípa abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni wọ́n da ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹni tí bàbá rẹ̀ ti Jàmáíkà wá sí, nítorí náà kò sí ohun tí a lè fi ṣe fún ìbéèrè tiwa.

Bí ó bá jẹ́ ìdààmú ọkàn lẹnì kan ń wá, ìwádìí COVID-19 Social Study ti yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó fi wé e. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2020, ó ju 70,000 àgbàlagbà lọ tó dara pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi ìbéèrè PHQ-9 àti GAD-7 wọn ìbànújẹ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn. Àwọn tó fúnra wọn wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló dáhùn, nítorí náà NLPS ní yíyàn tó dára jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí UCL béèrè nípa ọkàn pọ̀, ó sì jinlẹ̀. Ìbéèrè kéékèèké nípa ìbẹ̀rù àìsàn àti ewu tó ń bọ̀ wá bá àpò ni NLPS bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìpín kan tí àwọn ènìyàn kì í kà tó ni ti ìrànwọ́. Ìdílé díẹ̀ péré ló sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn rí oúnjẹ tàbí owó gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, àwọn ará ìlú já ilé ìkẹ́rùsí ní Ẹdẹ, ní Mazamaza àti ní àwọn ibòmíràn, wọ́n sì bá oúnjẹ ìrànwọ́ CACOVID, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó kó owó jọ nítorí Kòrónà, níbẹ̀ tí wọn kò tíì pín. Ẹni tó ti ka èsì NLPS kò ní láti bú sẹ́kún ìyàlẹ́nu.

Rírí àwọn fáìlì náà gbà kò nira. Orí Microdata Library ti Báńkì Àgbáyé ni wọ́n wà. Ènìyàn yóò forúkọ sílẹ̀, yóò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, yóò sì gbà wọ́n pẹ̀lú ìwé ìbéèrè ìpele kọ̀ọ̀kan àti ìwé àlàyé tó sọ bí wọ́n ṣe yan àwọn ìdílé. Kí ó ka ìwé àlàyé yẹn kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó sì lo òṣùwọ̀n tó wà nínú fáìlì, torí iye tí yóò rí láìlò ó yóò yàtọ̀ sí ti NBS. Ẹni tí kò bá lágbára láti ra Stata, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, lè fi R tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀. Oníròyìn tó bá sì fẹ́ fi Ọ̀ṣun wé Ọ̀yọ́, tàbí Èkìtì wé Oǹdó, kí ó wá ibòmíràn lọ, nítorí ìdílé tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré jù fún ìyẹn.