Ìkìlọ̀: Ẹ Má Torí Pé Ó Ń Ṣe Sílò Dáadáa Ra Hot Rod

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá hot rod rà, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kó lè máa sáré gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì rẹ́ mi jẹ. Ẹni tó tà á fún mi kọ́kọ́ jẹ tiẹ̀, ẹni tó júwe fún mi pé kó bá mi tún un ṣe wá jẹ èyí tó kù. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n ta, gbogbo rẹ̀ ni màá tú síta.

Ara Ford 1932 ni ọkọ̀ ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe, kì í ṣe irin àtilẹ̀wá. Ẹ́ńjìnnì V8 Chevrolet (onípísítìnì mẹ́jọ) ló wà níwájú, kabúrétọ̀ Holley ẹlẹ́nu mẹ́rin, ìyẹn ohun tó ń po epo pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, wà lórí rẹ̀, kò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo irin ń dán gbinrin. Kí n tó débẹ̀, ẹni tó tà á ti tan án sílẹ̀ dè mí. Òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, orí mi sì wú. Ó ń ṣe sílò, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, bí ẹní ń lu bẹ̀m̀bẹ́, kò wúkọ́, kò gbọ̀n. A gbé e yí àdúgbò po, bóyá ìṣẹ́jú 5, a padà, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ ti fojú ara yín rí i, ọ̀gá mi." Mo rí i lóòótọ́. Èyí tí mi ò rí ni mo sanwó lé lórí.

Mo ń gbé e bọ̀ nílé lójú títì márosẹ̀, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kó tó gbé ìṣe rẹ̀ dé. Mo tẹ tọ́tù, ibi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, kí n lè ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀. Dípò kó fò síwájú, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń tan án, kò dáhùn. Mo jókòó bí ìṣẹ́jú 15, mo tún tan án, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é rí. Ká tún rìn síwájú díẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kú kí n tó délé.

Mo pe ọkùnrin yìí. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Epo òde òní ni, ooru ló ń sọ ọ́ di oru nínú páìpù. Kabúrétọ̀ yẹn náà ti ń dàgbà. Mo mọ ẹnì kan tó ń tún un ṣe tó fi ń dà bíi tuntun." Èmi náà sì lọ bá a. Kabúrétọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ń kọ mànà bíi fàdákà. Mo dè é mórí ẹ́ńjìnnì, mo gbé ọkọ̀ jáde, ó kú níbi tó ti ń kú tẹ́lẹ̀ gan-an.

Inú bí mi, mo gbé kabúrétọ̀ "tuntun" náà kalẹ̀ sórí tábìlì, mo tú u. Wọ́n kàn kun òde rẹ̀ ni o! Ọ̀dà ti dí ojú àwọn ìdè rẹ̀ pa, kò sí àpá kankan tó fi hàn pé sukudíráfà kàn án rí. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń tún inú nǹkan ṣe láìtú ìdè rẹ̀? Nínú abọ́ epo rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun lẹ̀ mọ́ irin bí efun. Gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dí àlàfo àárín irin méjì, ti gbẹ, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ta kabúrétọ̀ àtúnṣe fún yín, ojú ìdè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó wo dídán rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo pa ẹnu èèyàn tì, tí mo wá ń bi ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ léèrè.

Ohun àkọ́kọ́ téèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bóyá epo ni kò dé àbí iná ni kò tàn. Gbàrà tí ọkọ̀ bá ti kú, ẹ ṣí ideri asẹ́ atẹ́gùn, ẹ yọjú wo ọ̀nà ọ̀fun kabúrétọ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ fa irin tọ́tù. Bí epo bá tú jáde ṣooro bí okùn tín-ínrín, epo ń bẹ nínú abọ́. Ẹ lọ wo kóìlì, ìyẹn ohun tó ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì, torí kóìlì tó ti ń bàjẹ́ máa ń kú tó bá gbóná, tó bá tutù a tún jí, bó ṣe ń ṣe jọ ti epo bí ìbejì. Tèmi gbẹ táútáú. Epo ni kò dé.

Kí ló wá dé tó fi ń ṣe sílò dáadáa? Epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu nígbà tó bá wà lójú kan kò tó nǹkan. Kódà bí ọ̀nà epo bá ti dí tó ku ihò abẹ́rẹ́, yóò máa ṣe sílò rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí V8 bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo mì, tó sì mu èyí tó wà nínú abọ́ tán, ìgbà yẹn lẹ óò mọ̀ bóyá nǹkan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń dún, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ wà á jìnnà, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ooru tí ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi sọ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, ohun tó jẹ́ kó rí mi mú nìyẹn. Epo máa ń hó nínú páìpù tó bá sún mọ́ sálẹ́ńsà jù. Nínú flathead V8, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ olórí pẹrẹsẹ tí Ford gbé jáde lọ́dún 1932, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lókè ni pọ́ǹpù epo jókòó sí, àárín ooru gan-an. Àmọ́ ẹ fiyè sí ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀. Epo tó ń di oru sábà máa ń dáni láàmú nínú gò-sílò, tàbí lẹ́yìn téèyàn bá pa ẹ́ńjìnnì gbígbóná tó fẹ́ tún un tàn. Tèmi ń kú láàárọ̀ kùtù tí afẹ́fẹ́ tutù, nígbà tí mo bá ń sáré. Ọ̀nà tó dí nìyẹn. (Àwọn kan máa ń fi igi kékeré tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn há páìpù epo kó má baà gbóná. Mo dán an wò. Ó ṣe páìpù náà lọ́ṣọ̀ọ́.)

Mo kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tó kú, bóyá ihò tó fi ń mí ló dí. Bó bá dí, ẹ óò gbọ́ tí atẹ́gùn ń wọlé fììì, ọkọ̀ á sì tún tàn. N ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá wo fílítà onígíláàsì tó wà lẹ́yìn pọ́ǹpù. Ọjọ́ tí mo rà á, ó mọ́ lóló. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, eruku pupa ti kún ìdajì rẹ̀. Mo gbé táǹkì sọ̀ kalẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ọ̀dà kan wà tí wọ́n máa ń dà sínú táǹkì tó dógùn-ún, kó lè bo ara irin. Ẹni tó dà á sínú eléyìí kò fọ ìdógùn-ún kúrò kó tó dà á, ọ̀dà náà sì ti ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Bí pọ́ǹpù bá ń fa epo gidi, ọ̀kan nínú èèpá yìí á lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù. Ọkọ̀ á kú. Bí fífà náà bá dáwọ́ dúró, èèpá á já bọ́ sísàlẹ̀, ọkọ̀ á sì tún tàn bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ṣé ẹni tó tà á mọ̀? Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búútù ni mo ti rí ọ̀rá kékeré kan. Fílítà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó wà lẹ́yìn pọ́ǹpù náà gẹ́lẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n kúkúrú. Ó ń pààrọ̀ rẹ̀ kí oníbàárà tó dé ni.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ tà á má tan án títí ẹ óò fi débẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ bi í nídìí. Ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, kẹ́ ẹ fi gun òkè, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ẹ gbóòórùn táǹkì: epo tó ti bàjẹ́ máa ń rùn bí ọ̀dà. Bẹ́ ẹ bá ní géèjì tó ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo (psi ni wọ́n fi ń kà á), ẹ so ó mọ́ páìpù níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i bẹ́ ẹ ṣe ń wa ọkọ̀. Holley ń fẹ́ bíi psi 5 sí 7. Stromberg 97, kabúrétọ̀ àtijọ́ mìíràn, kò fẹ́ ju nǹkan bí 2.5 sí 3 lọ, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò ní lè dí ọ̀nà, epo á máa ṣàn kọjá. Agbára nìkan kò tó o, ìwọ̀n epo ló ṣe kókó: pọ́ǹpù tó ń ti ẹ́ńjìnnì gba agbára gbọ́dọ̀ lè da nǹkan bí ìdajì lítà sínú ìgò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí sílò. Kí ìgò jìnnà sí sálẹ́ńsà, kí apaná wà nítòsí.

Bó bá jẹ́ pọ́ǹpù oníná ló lò, ẹ wo ibi tó so ó mọ́. Títi epo ló mọ̀ ọ́n ṣe, fífà kọ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ táǹkì ló yẹ kó wà, kì í ṣe níwájú. Bí ara ọkọ̀ bá sì jẹ́ fáíbà bíi tèmi, wáyà áàtì rẹ̀ (èyí tí iná ń gbà padà) gbọ́dọ̀ dé ṣáásí, ìyẹn férémù irin abẹ́ ọkọ̀, torí fáíbà kì í gbé iná. Ẹ yẹ rọ́bà epo wò pẹ̀lú. Rọ́bà tó ti sán níbi tí pọ́ǹpù ti ń fa epo lè má jò rárá, atẹ́gùn ló máa ń fà wọlé.

Mo ti fi táǹkì tuntun sí i báyìí, ó sì ń lọ geere. Ọkùnrin náà ṣì ń tajà. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ rí fílítà tó mọ́ lóló lára ọkọ̀ tí eruku bo páìpù rẹ̀ yòókù, ẹ rọra bi í pé èyí tó yọ ńkọ́.