Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra subwoofer: ẹ mú bátìrì fóòtì 9 (9 volt) dání lọ sọ́jà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ẹgbẹ́ olórin tàbí fún òde ìnáwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí. Àwọn ọlọ́jà kan á ta subwoofer (àpótí sípíkà báàsì) 18 inṣi méjì fún yín, báàsì ò ní jáde bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá padà lọ bá wọn, wọ́n á ní ẹ̀rọ yín ò pọ̀ tó, kí ẹ tún ra méjì sí i. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sì wà tó jẹ́ pé wáyà tí wọ́n gbé sódì nínú àpótí kan ṣoṣo ló ń dà yín láàmú.

Bí bébà sípíkà kan (ojú rẹ̀ tó ń mì) bá ń jáde síwájú nígbà tí ti èkejì ń wọlé, atẹ́gùn tí ọ̀kan ń tì ni èkejì ń fà. Báàsì á wá pa ara rẹ̀ láàárín wọn. Ẹ fi ẹnu + bátìrì fóòtì 9 kan 1+ ní Speakon (ojú ihò tí wáyà sípíkà ń wọ̀ lẹ́yìn àpótí), kí – kan 1–, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bébà gbọ́dọ̀ jáde síwájú. Bí kò bá mira rárá, ẹ gbìyànjú 2+ àti 2–, torí ibẹ̀ ni wọ́n so àwọn àpótí kan mọ́. Bí ti ọ̀kan bá jáde, tí ti èkejì wọlé, wáyà ti sódì nìyẹn. Ẹ tún gbé méjèèjì fara kanra, kí ọ̀kan kọ́kọ́ dá dún, kí èkejì wá dara pọ̀. Báàsì gbọ́dọ̀ lé sókè dáadáa, ó yẹ kó tó desibẹ́ẹ̀lì 6 (desibẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó). Bí báàsì bá dín kù dípò kó lé, ẹ má san owó.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi igun ṣọ́ọ̀bù tàn yín. Ògiri kọ̀ọ̀kan tó wà nítòsí lè fi tó desibẹ́ẹ̀lì 6 kún báàsì, torí náà àpótí tó ń mi ilẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré lè dákẹ́ lábẹ́ kánópì. Ẹ ní kí wọ́n gbé e síta.

Èyí tó burú jù ni sípíkà ọkọ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ inú àpótí ńlá. Rọ́bà etí bébà rẹ̀ nípọn, ó sì sábà máa ń ní ojú ìso wáyà mẹ́rin. Etí ti òde ìnáwó jẹ́ aṣọ líle tó ká ṣẹ́kẹṣẹ̀kẹ. Ti ọkọ̀ lè jẹ́ desibẹ́ẹ̀lì 86 fún wọ́ọ̀tì 1, bí ẹ bá dúró ní mítà 1 sí i, ti òde sì lè jẹ́ 96. Ìyàtọ̀ 10 yẹn túmọ̀ sí pé agbára ámúpù ìlọ́po mẹ́wàá lẹ máa nílò kí ohùn wọn tó dọ́gba. Wọ́ọ̀tì 5000 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ò yí ìyẹn padà.

Ẹ mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná (multimeter) dání pẹ̀lú. Sípíkà ohm 8 (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà) máa ń ka nǹkan bíi 5 sí 6.5, ti ohm 4 ń ka nǹkan bíi 3 sí 3.6. Bí wọ́n bá kọ 8 sára àpótí onísípíkà méjì, tí mítà sì ka 3, ohm 4 ni. Bí ẹ bá so méjì irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ámúpù kan, ó di ohm 2, ọ̀pọ̀ ámúpù ni ìyẹn sì máa ń jó. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì rọra ti bébà wọlé, kó lọ déédéé. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń ha, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé sínú sípíkà) ń fara gbo mágínẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó ti jó rí tàbí wọ́n wé e láìdára.

Ẹ ha imú wáyà tí wọ́n bá fi kún un. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò lẹ ń wò. Agbára tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà pọ̀ ju ti ojúlówó bàbà lọ.

Bí ẹ bá délé, ẹ kó wọn jọ sáàárín iwájú pèpéle. Bí ọ̀kan bá wà lápá ọ̀tún, tí èkejì wà lápá òsì, báàsì á pọ̀ láàárín, àwọn ibòmíì á sì ṣófo, ẹ ó tún máa rò pé ọjà náà ló bàjẹ́.

Kí wọ́n kọ ohm, orúkọ àwòṣe àti ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sórí rísíìtì. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣí irin iwájú kí ẹ rí bébà, ẹ kúrò níbẹ̀.